Bí Mo Ṣe Ya Ẹyẹ Mẹ́rin ní Àkúrẹ́ àti Ìdànrè: Teleconverter àbí Lẹ́ǹsì Gígùn?

Fọ́tò òde ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè, ìsọmọlórúkọ: bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú ìyàwó tuntun ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó lè jẹ́ èmi ni. Ẹyẹ ò sí nínú iṣẹ́ mi rárá títí di oṣù kẹta, tí àǹtí mi tó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lọ́nà Ọ̀bà-Ilé fi pè mí. Ó ní àràárọ̀ làwọn ọmọ òun ń sọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, àmọ́ bí òun bá ní kí wọ́n fi lékeléke han òun, adìẹ funfun ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ó fẹ́ fọ́tò ẹyẹ márùn-ún lára ògiri kí táàmù kẹta tó wọlé.

"Àǹtí mi, ẹyẹ kì í ṣe ìyàwó tó máa dúró de fọ́tò o."

"Kámẹ́rà ńlá tí o gbé kọ́rùn yẹn, kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀?"

Kámẹ́rà náà, Canon 7D Mark II ni. Lẹ́ǹsì tí mo fi ń ya òde ni 70-200mm f/2.8 (mm ni bó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó, f/ sì ni bí ojú rẹ̀ ṣe ń là tó: nọ́ńbà tó kéré ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù), mo sì ní teleconverter 1.4x kan tí kì í sábà jáde nínú àpò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń ya bọ́ọ̀lù yá mi ní 2x tirẹ̀ pẹ̀lú Sigma 150-600mm fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo ṣe rí ohun tí ọ̀pọ̀ ń jiyàn lé lórí nìyẹn, bóyá teleconverter ló sàn ni àbí lẹ́ǹsì gígùn, tí gbogbo rẹ̀ wà nínú búùtù mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹni tí kò bá tíì dì í mú rí, teleconverter dà bí òrùka nípọn kan tó ní dígí nínú. Àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ló máa ń wọ̀. 1.4x sọ 200mm mi di 280mm, 2x sọ ọ́ di 400mm. Kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan kún un. Ìwọ̀nba èyí tó gba iwájú lẹ́ǹsì wọlé náà ló máa tẹ́ sórí àyè tó fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìgbà tí àlejò ya wọlé lójijì tí ìyàwó ilé bomi la ọbẹ̀: ó kárí, àmọ́ ẹnu mọ̀. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni 1.4x ń gbà, f/2.8 di f/4. 2x máa gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, f/2.8 di f/5.6. Kì í sì í ṣe gbogbo lẹ́ǹsì ló ń gbà á. Dígí iwájú ti Canon yọ síta, ó máa kọ lu ẹ̀yìn lẹ́ǹsì 18-55 kékeré tó ń bá kámẹ́rà wá, nítorí náà ẹ má fi tipátipá tì í.

Lékeléke ni mo kọ́kọ́ wá, torí òun ló rọrùn jù. Níbi tí àwọn màálù ti ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà ni mo páàkì sí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ gíláàsì kalẹ̀, mo gbé lẹ́ǹsì lé àpò kékeré kan tí mo rọ ẹ̀wà sí lórí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹyẹ kì í bẹ̀rù mọ́tò bó ṣe ń bẹ̀rù ènìyàn. Mo jókòó títí ọ̀kan fi rìn dé ibi tí n kò fi ní ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i. Oòrùn ti là, 1.4x tó mi, ọwọ́ mi fúyẹ́. Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ ni funfun ara rẹ̀: fọ́tò mẹ́wàá àkọ́kọ́ rí bí bébà tí ẹnì kan gé ní àwòrán ẹyẹ, kò sí ìyẹ́ kan tó hàn. Nígbà tí mo dín ìmọ́lẹ̀ kù ní stop kan, ìyẹn ìdajì, ni ìyẹ́ wá jáde.

Ẹ̀gà ló ṣe mí lẹ́ṣẹ́. Lẹ́yìn ilé wa, igi ọ̀pẹ kan wà tí wọ́n ti ya gbogbo imọ̀ rẹ̀ tán, ariwo wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ rédíò láàárọ̀. Ọ̀pẹ náà ga, ojú ọ̀run sì ṣú bí ẹni pé òjò máa rọ̀. Mo fi 2x sí i. Canon fúnra wọn sọ pé kámẹ́rà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ eré fókọ́ọ̀sì bí a bá fi teleconverter wọn sí i: ìdajì ni 1.4x ń dín kù, 2x ń dín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kù. Mo rí i lójú ara mi. Lẹ́ǹsì á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, kó tó bá ẹ̀gà, ẹ̀gà ti wọ inú ìtẹ́. Èyí tí mo sì rí yà ní f/5.6, etí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo lọ sí f/8 kó lè mú, ó mú díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó, gun 6400, fọ́tò wá rí bí ẹni da gàrí sí i.

Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo gbé Sigma lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo tì í dé 600mm. Ibí ni mo ti rí i pé irọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí a máa ń sọ láàárín ara wa pé lẹ́ǹsì gígùn ṣókùnkùn. f/6.3 ni ní 600mm. Ìdá kan nínú mẹ́ta stop péré ló fi ṣókùnkùn ju f/5.6 tí 2x fún mi, ó sì ti fi 200mm ṣíwájú. Kí ẹ̀gà inú fọ́tò 2x tó lè tóbi bákan náà, mo ní láti gé ju ìdajì fọ́tò náà dànù. Ti Sigma, ẹ lè ka ìyẹ́ orí rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún gígùn láti ìpilẹ̀ ni. 2x ń fẹ ohun tí lẹ́ǹsì mi mú jáde lójú, ó sì ń fẹ àbùkù rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ti fẹ́ máa ronú ibi tí mo ti máa rówó ra Sigma nígbà tí mo gbé e lọ sí Ọjà Ọba. Àwòdì máa ń yí lókè àwọn alápatà níbẹ̀. Lẹ́ǹsì tó súnmọ́ kìló méjì, ẹ gbé e sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wò ó. Bí mo bá wà ní 600mm n kì í rí àwòdì rárá, ojú ọ̀run lásán ni. Àfi kí n padà sí 150mm kí n rí i, kí n tó tún fà á súnmọ́. Ìyá kan tó ń ta ata ní, "Ẹ gbà mí o, ṣé ìbọn kọ́ nìyẹn?" Ènìyàn pé lé mi lórí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi ẹyẹ hàn wọ́n, mo rọra padà sídìí mọ́tò, mo sì gbé 70-200 pẹ̀lú 1.4x jáde. Àwòdì ń já wálẹ̀ débi òrùlé páànù láti gbé ìfun ẹran. Ní 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá, mo rí èyí tó na èékánná. Fọ́tò tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, kì í sì í ṣe lẹ́ǹsì gígùn ló yà á.

Ìdànrè ló kù, torí agbe. Lójú mi, òkè ni mo máa ti rí igbó tó wà nísàlẹ̀ dáadáa. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀, àṣìṣe gbáà. Ooru ń jó lórí àpáta, gbogbo ohun tó bá jìnnà ń gbọ̀n rìrì nínú Sigma, bẹ́ẹ̀ ló gbọ̀n nínú 2x. Àtíòro méjì fò kọjá, wọ́n jáde bí èéfín. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, bàbá ọdẹ kan jókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó wo lẹ́ǹsì náà títí.

"Ọmọ mi, báwo ni kiní yìí ṣe ń ríran jìnnà tó?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í wo ẹran lọ́ọ̀ọ́kán. Ibi tó ti ń jẹun ni mo máa ń lọ dúró."

Ó fi igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó ń so hàn mí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò gba iṣẹ́ òde, mo ti wà lábẹ́ igi yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá sì bá mi dúró. Ìmọ́lẹ̀ kéré débi pé Sigma ò rí fókọ́ọ̀sì mú. Mo fi 70-200 sí i láìsí teleconverter kankan, f/2.8, nígbà tí àtíòro bà lé ẹ̀ka tí kò ga jù mí lọ púpọ̀. Mo yà á bí ẹni ń ya ọkọ ìyàwó.

Agbe kò wá. Mo fi àdàbà orí òrùlé ilé ìwé dí ẹyẹ karùn-ún, Sigma àti 2x sì padà sọ́wọ́ olówó wọn lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí mi lẹ fọ́tò márùn-ún náà, ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "AGBE" síbẹ̀, ó ní kí n má tíì bèèrè owó.