Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà kí ẹ tó ra jíìpù ńlá tuntun

Kí ẹ tó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, ẹ gé ọ̀pá kan. Kó tọ́, kó gùn tó mítà kan, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún láti ìdí dé orí. Ọ̀pá yìí àti téèpù aránṣọ ni yóò sọ òótọ́ jíìpù náà fún yín ju ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́ lọ. Ohun tó ń ba ìrìn inú igbó jẹ́ kì í sábà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò lágbára. Ẹrù tó pọ̀ jù, abẹ́ ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀ jù àti táyà tí kò bá ọ̀nà mu ni.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà

Ní Rẹ́mọ, láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ dé apá Ìṣarà, ilẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko obì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń le bí àpáta, ojú rẹ̀ a sì ká wọ́lẹ̀wọ́lẹ̀ bíi páànù ìbolé. Gbígbọ̀n tí ọkọ̀ ń gbọ̀n lórí rẹ̀ máa ń tú nọ́ọ̀tì, ó sì máa ń mú ṣọ́ọ̀kì gbóná títí epo inú rẹ̀ yóò fi jò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òkè ilẹ̀ náà a máa yọ̀ bí ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Jíìpù ńlá tí táyà rẹ̀ dára kò ní í há síbẹ̀.

Igbó ọba Ọmọ ni ìdánwò gidi. Bí ẹ bá yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá Ṣágámù sí Bìní wọ apá J4, ìletò kan nínú igbó náà, ipa táyà agbégilódò ni ẹ máa bá pàdé. Àwọn ọkọ̀ gẹdú yìí ga, wọ́n wúwo, wọ́n sì máa ń rìn nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, nítorí náà kòtò gígùn méjì ni wọ́n ń fi sílẹ̀, pẹ̀lú ebè gíga láàárín. Ebè yẹn ló ń gbé jíìpù dúró. Ní Wọ́tásáìdì, lọ́wọ́ Abígi àti Ìwopin, yanrìn àti àbàtà ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà ló sì ń yanjú ìyẹn ju gíga ọkọ̀ lọ.

Ẹ lọ wo ọ̀nà yín ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án. Ẹ ki ọ̀pá bọ ipa táyà ní ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ èyí tó jìn jù lọ sílẹ̀. Ẹ má pín in dọ́gba: ibi kan ṣoṣo tó jìn jù náà ni yóò dá yín dúró. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kí ẹ tó wọlé, torí igbó ọba ni, erin ṣì ń gbé inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe fi ògiri Erédò Súngbọ́ dán agbára jíìpù wò. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni yàrà náà, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, táyà kan ṣoṣo sì lè ya ohun tó ti dúró láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Abẹ́ ọkọ̀

Ẹ wọ abẹ́ jíìpù náà ní tòótọ́, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá wá ibi tó sún mọ́lẹ̀ jù. Lára Land Cruiser 300, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 23 ni àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti abẹ́ ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Nissan Patrol Y62 pe tirẹ̀ ní 27. Land Rover Defender 110 tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè lè ga tó 29, àmọ́ tí rọ́bà afẹ́fẹ́ náà bá jò nínú igbó, gíga yẹn ti lọ nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ ti ọkọ̀ òfìfo. Bí ènìyàn márùn-ún bá wọlé pẹ̀lú ẹrù, sípíríǹgì ẹ̀yìn lè wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ipa táyà bá jìn tó 30, kò sí èyí tó lè gba inú rẹ̀ kọjá nínú wọn. Ẹ kò ní í tẹ̀ lé ipa náà rárá nígbà yẹn: ẹ ó gbé táyà kan sórí ebè àárín, ẹ ó gbé èkejì sí etí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìbú ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì. Jíìpù tó fẹ̀ ní mítà 1.98, láìka dígí ẹ̀gbẹ́, nílò etí ọ̀nà tó gbòòrò, igi kì í sì í sún fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ ṣe wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ wo ibi tí sáléńsà gbà, ẹ wo bóyá irin ló bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ike, ẹ wo ibi tí wọ́n so táyà àfirọ́pò mọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀ máa ń kó sí wàhálà: bí ọkọ̀ bá rì dé ìdí, ẹ kò lè rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ẹ lè nílò rẹ̀.

Fún orí ọkọ̀, ẹ wọn láti ibi tí táyà iwájú ti kan ilẹ̀ dé abẹ́ ìpẹ̀kun bọ́ńpà, lẹ́yìn náà kí ẹ wọn gíga bọ́ńpà sí ilẹ̀. Bí gíga náà kò bá tó ìdajì ìjìnnà yẹn, imú ọkọ̀ yóò máa gún ilẹ̀ bí ẹ bá ń jáde nínú kòtò. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀yìn, kí ẹ sì rántí pé irin tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù a máa jẹ nínú gíga ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí táyà iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà síra, bíi Patrol tí tirẹ̀ lé ní mítà mẹ́ta, máa ń fi ikùn jókòó lórí ebè kíákíá ju Land Cruiser tó jẹ́ mítà 2.85 lọ. Ara àfikún gíga abẹ́ Patrol ló ń lọ síbẹ̀.

Ẹrù: ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà

Lára òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀, ẹ ó rí ìwúwo tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ yọ ìwúwo ọkọ̀ òfìfo kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni ẹ lè dì. Ẹ wo Land Cruiser 300 onídísẹ́lì tí wọ́n ń tà ní Ọsirélíà: kìlò 3,280 ni òpin rẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lè gba ẹrù kìlò 785, ṣùgbọ́n GR Sport tó wà lára àwọn tó wọ́n jù kò gbà ju 650 lọ. Bí àga aláwọ, òrùlé dígí àti irin ìdúróṣinṣin ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí ẹ lè dì ń dín kù. Ẹni tó fẹ́ wọ igbó kò nílò èyí tó wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún, kìlò 80 ẹnìkọ̀ọ̀kan, 400. Omi lítà 60, kìlò 60. Agolo irin epo méjì, lítà 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 38. Bọ́ńpà irin níwájú, 60. Wíǹṣì, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó há, 40. Irin ẹrù orí òrùlé, 35. Táyà àfirọ́pò kejì, 38. Jáàkì, okùn, ṣọ́bìrì àti irinṣẹ́, 40. Oúnjẹ, ìkòkò àti báàgì, 80. Ó di 791. Kò sí ìkankan nínú àwọn Land Cruiser yẹn tó lè gbé e láìrú òfin tirẹ̀, ẹ kò sì tíì gbé àgọ́ sórí rẹ̀.

Ohun tó ń tẹ̀ lé àpọ̀jù ẹrù kì í fara hàn lọ́jọ́ kìíní. Béárìn táyà ẹ̀yìn a kọ́kọ́ máa kùn. Táyà a gbóná lórí ọ̀nà ọ̀dà, níbi tí ẹ ti ń sáré, kì í ṣe nínú igbó, a sì bẹ́ níbẹ̀. Bíréèkì a máa pẹ́ kó tó mú. Nítorí náà ẹ dín nǹkan kù: ẹ yọ àga ìlà kẹta, ẹ fi wíǹṣì sílẹ̀ bí ẹ bá máa ń rìn ní ọkọ̀ méjì, ẹ mú ènìyàn mẹ́rin dípò márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ di gbogbo ẹrù, kí ẹ wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gun òṣùwọ̀n tírélà wọn. Ẹ wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń kọjá ààlà.

Ìwúwo yìí kan náà ló ń jẹ́ wàhálà lórí afárá igi inú oko. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta lé ló ń bọ̀ wá gun ìtì ọ̀pẹ tí wọ́n tò fún ọ̀kadà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín kọjá, ẹ fi àdá kan ìtì kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n bí ìlù ti jẹrà nínú.

Ẹ́ńjìnnì àti epo

Agbára kò jẹ́ ìṣòro lára àwọn ọkọ̀ yìí. Land Cruiser 300 onídísẹ́lì ní 700 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà), oníbẹntiróòlù rẹ̀ tó ní tọ́bò ní 650, Patrol V8 tẹ́lẹ̀, ìyẹn Y62, ní 560, èyí tuntun tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní 2024 sì ní V6 tó ń mú 700 wá. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi olùtajà nípa dísẹ́lì ni pé: ṣé ó ní asẹ́ èéfín nínú sáléńsà? Bí ó bá ní in, epo tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an ló nílò. Dísẹ́lì tí imí-ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ àti ìrìn kúkúrú láàárín ìlú máa ń dí asẹ́ náà pa, ọkọ̀ a sì dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Oníbẹntiróòlù tí wọ́n ṣe fún ọjà wa ló rọrùn jù fún ọ̀pọ̀ wa, bó tilẹ̀ ń mu epo.

Bí ọkọ̀ bá ń jẹ lítà 20 ní kìlómítà 100 nínú ẹrẹ̀, táǹkì lítà 140 ti Patrol Y62 yóò gbé e lọ 700, lítà 110 yóò lọ 550. Fún Ọmọ àti Wọ́tásáìdì, èyí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àfi bí ẹ bá ń lọ sí Mambilla ní Tàràbà ni agolo epo yóò pọn dandan, agolo irin sì ni, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì oníke nínú bọ́ọ̀tù.

Táyà

Ẹ ra ríìmù kékeré. Táyà 265/65R18 ní ògiri tó ga ní mílímítà 172; 265/55R20 kò ní ju 146 lọ. Ògiri yẹn ló ń tẹ̀ nígbà tí ẹ bá yọ afẹ́fẹ́, òun náà ló ń gba gbòǹgbò àti òkúta dípò ríìmù. Bí ọkọ̀ bá wá pẹ̀lú 20, ẹ bèèrè bóyá 18 lè bo bíréèkì rẹ̀ láìfarakàn kí ẹ tó sanwó.

Lórí ọ̀dà, ohun tí wọ́n kọ sí òpó ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ lò. Lórí ilẹ̀ pupa tó le, 26 sí 28 psi. Nínú ẹrẹ̀, bíi 20. Lórí yanrìn Wọ́tásáìdì, 16 sí 18, kí ẹ má sì sáré ju kìlómítà 40 ní wákàtí lọ, kí ẹ má ṣẹ́ ọwọ́ lójijì, kí táyà má bàa bọ́ kúrò lára ríìmù. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tiyín gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Fọgánáísà kò sí ní àárín igbó.

Omi

Wọ́n fọwọ́ sí 70 sẹ̀ǹtímítà fún Land Cruiser 300, 90 fún Defender tó bá gbé ara rẹ̀ sókè. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ọ̀pá wọn gíga ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí omi bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ́ńjìnnì á fọ́, torí omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Létí odò, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí dífù, àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì, tutù. Èyí tó gbóná, bó bá kan omi tútù, yóò fa omi gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú wọ inú epo rẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ la odò náà pẹ̀lú ọ̀pá níwájú yín, kí ẹ tó wọ L4 (gíà alágbára tó ń lọ jẹ́jẹ́, tó ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), gíà kìíní, kí ẹ máa lọ jẹ́jẹ́ láìdúró. Bí omi bá ń ṣàn tó sì ti kọjá orúnkún, ẹ padà.

Ọjọ́ ìdánwò

Ẹ má gbà kí wọ́n fi ọ̀nà ọ̀dà dán an wò fún yín. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè gbé táyà iwájú kan sórí òkìtì, kí táyà ẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ kejì wà nínú kòtò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀, ẹ tì wọ́n, kí ẹ mọ̀ bóyá ara ọkọ̀ ń lọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ L4 kí ẹ jáde láìsáré, kí ẹ gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń di táyà tó ń yí lásán mú. Bí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ dífù ẹ̀yìn, ẹ lò ó, kí ẹ rí i pé iná rẹ̀ tàn.

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi ìfà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́ láti fa ọkọ̀ tó há. Ihò kékeré tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ibi ìfà, ó máa ń já, irin tó já a sì máa fò bí ọta ìbọn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù burú jùyẹn lọ. Ibi ìfà tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù rẹ̀ sí lára ni kí ẹ rà, pẹ̀lú ṣákù (irin tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ibi ìfà) tọ́ọ̀nù 4.75, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ojú okùn nígbà tí wọ́n bá ń fà.

Ní ìkẹyìn, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ó so ẹ̀rọ ìwádìí rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá lè ka kọ̀ǹpútà rẹ̀, Èkó ni ẹ ó máa wá fún gbogbo iná tó bá tàn. Kí ó fún yín ní orúkọ àti nọ́ńbà asẹ́ epo, asẹ́ afẹ́fẹ́ àti páàdì bíréèkì, kí ẹ ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó bóyá wọ́n ní wọn. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ náà, lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tí ẹ bá la omi kọjá, kí ó tú nọ́ọ̀tì dífù díẹ̀ wo epo inú rẹ̀. Bí ó bá funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀: ẹ pààrọ̀ epo náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.