Adápítà Tó Fẹ́ Ba Ohùn Ìyá Mi Jẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó adápítà, ike tá a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì fídíò kékeré nínú ẹ̀rọ fídíò ńlá, kí n tó rí èyí tó ṣeé fọkàn tán, síbẹ̀ owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Téèpù tó rún mọ́ inú ẹ̀rọ fídíò mi ló dùn mí, torí orí téèpù yẹn nìkan ni ohùn ìyá mi ṣẹ́kù sí.

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin la bá nínú àpótí rẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Àwọn kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní VHS-C, tí iléeṣẹ́ JVC gbé jáde ní 1982 fún kámẹ́rà àfọwọ́gbé. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ya àwòrán náà ti kú tipẹ́. Bí tiyín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá adápítà kankan. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, òun fúnra rẹ̀ á gbé àwòrán jáde. Ká ní tèmi ṣì wà láàyè ni, mi ò bá má jẹ ìyà tí mo jẹ.

Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì kékeré yìí ò yàtọ̀ sí ti VHS ńlá, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ fídíò inú ilé ń lò. Mìlímítà 12.7 ni àwọn méjèèjì fẹ̀, ilé tí wọ́n fi sí ló kéré. Iṣẹ́ adápítà ni kó gba kásẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ra nínú ike tó tóbi tó ti ńlá, kó sì na apá rẹ̀ fa téèpù wá síwájú, níbi tí ẹ̀rọ fídíò ti lè gbá a mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà míì, bí 8mm, Hi8 tàbí MiniDV, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta adápítà VHS fún yín. Kò sí irú ẹ̀. Téèpù tiwọn tín-ín-rín ju èyí lọ, bí wọ́n sì ṣe kọ àwòrán sórí rẹ̀ yàtọ̀.

Àlòkù ni adápítà tí mo kọ́kọ́ rà, èyí tó ń lo bátìrì AA kan. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ki bátìrì tuntun sí i, apá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àmọ́ ó ń fà bí ẹni tí ebi ń pa. Mo rò pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Apá yẹn ò nà dé ibi tó yẹ kó dé, téèpù wá dẹ̀ síbẹ̀.

Àwòrán hàn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí nǹkan ń họ gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́, tẹlifíṣọ̀n sì dúdú. Àyà mi já. Mo tẹ bọ́tìnnì pé kó pọ̀ ọ́ jáde, ó kérora, kò pọ̀ ọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kérora. Mo yáa fa wáyà iná rẹ̀ yọ.

Wákàtí méjì ni mo lò lórí ohun tó kàn. Mo tú ìdérí ẹ̀rọ náà, mo sì rí i pé téèpù tó dẹ̀ ti wé mọ́ rọ́bà róbótó tó máa ń tì í lọ. Ẹnì kan nínú ilé ní kí n fi sìsọ́ọ̀sì gé e. Mo ní láéláé! Ìka ni mo fi ń yí jíà tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì wọlé padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, mò ń yí i, mò ń tú téèpù kúrò lára rọ́bà, mi ò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi kan irin róbótó tó ń ka àwòrán. Gbogbo ẹ̀yìn mi ló ń ro mí. Nígbà tí adápítà jáde tán, ìdérí tiẹ̀ náà ò ṣí, torí apá rẹ̀ ti há sí agbede méjì. Àfi kí n tún tú òun náà.

Inú rẹ̀ ni mo ti rí òtítọ́. Bátìrì kan tó ti jò sínú rẹ̀ nígbà kan rí ti jẹ irin tó ń gbé iná, ó ti hu funfun, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí apá náà sì ti dẹ̀ bí okùn ṣòkòtò ogbó. Ìyẹn lẹni yẹn pè ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa! Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Mo fi ọwọ́ yí téèpù náà wọlé láìgé e níbì kankan. Mo ṣì ń fi ìyẹn yangàn.

Kí n tó ra ìkejì, mo ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ilé bátìrì fún mi, kó sì ya fídíò níbi tí apá ti fa téèpù jáde tó sì kó o padà láìdá ọwọ́ dúró. Ẹni méjì kọ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tí mo wá mú ò lo bátìrì rárá, ọwọ́ la fi ń yí i. Òun ni mo fara mọ́ báyìí, torí kò sí ohun tó máa jò nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún téèpù le kó tó gbé e wọ ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ onibátìrì lẹ ní, ẹ máa yọ bátìrì rẹ̀ gbàrà tẹ́ ẹ bá lò ó tán.

Kásẹ́ẹ̀tì tí kò já mọ́ nǹkan kan ni mo fi dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n tó fọwọ́ kan ti ìyá mi. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ níjọ́ àkọ́kọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ti ń gbà á sílẹ̀ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí téèpù náà tún kọjá lára rọ́bà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ fídíò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tá a lè fi ṣeré mọ́. Iléeṣẹ́ Funai, tó ṣe é kẹ́yìn, ti dáwọ́ dúró láti 2016.

Ibi tó rún náà tó sẹ̀ǹtímítà ogún. Nígbà tó débẹ̀, ìlà funfun gba ojú tẹlifíṣọ̀n fún bí ìṣẹ́jú àáyá méje, ohùn ìyá mi sì ń gbọ̀n. Ó ń pe orúkọ mi pé kí n wá jẹun. Mo gbọ́ ọ.