Ọkọ̀ tí òjò máa ń dá lẹ́kun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òjò rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ mi kò sítáàtì. Ṣé bátìrì ni?
Ẹ tan iná iwájú. Bó bá mọ́lẹ̀ rekete, tí ẹ́ńjìnì sì ń yí dáadáa, ẹ fi bátìrì lọ́rùn sílẹ̀.

Kí ni omi wá fi ẹ́ńjìnì ṣe?
Fóólìtì 12 ni bátìrì ń gbé wá. Kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iná lè ṣá lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, kí epo sì jó. Bí wáyà tó ń gbé iná yìí lọ sí púlọ́ọ̀gì bá ti sán, tí ìdọ̀tí ara rẹ̀ sì tutù, iná yóò gba ibẹ̀ sá lọ sára irin. Kò ní dé púlọ́ọ̀gì.

Mo ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá, kò dáhùn.
Ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró! Epo tí kò jó ti ń rin púlọ́ọ̀gì. Ẹ pa á, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu wáyà àti orí kọ́ìlì. Ẹ má fọwọ́ kan wọ́n láé bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́.

Mo fọ ẹ́ńjìnì, ló bá ń gbọ̀n.
Omi ti wọ ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ yọ kọ́ìlì, ẹ fẹ́ omi náà jáde.

Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, síbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, ó tún dé.
Ẹ ò bá má tíì náwó yẹn. Ọkọ̀ kan fi irú èyí dà mí láàmú gan-an. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbé P0304 jáde, ìyẹn ni pé sílíńdà kẹrin (ọ̀kan nínú àwọn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì) kò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo gbé kọ́ìlì ìkẹrin sí ipò èkíní, mo gbé ti èkíní sí ipò ìkẹrin. Òjò rọ̀, sílíńdà kẹrin náà ló tún hu ìwà. Kọ́ìlì kò jẹ̀bi nìyẹn. Nígbà tí mo fa kọ́ìlì jáde, ìpata funfun ti bo irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi sì dúró nínú ihò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọ ẹ́ńjìnì náà. Ta ló wá bu omi síbẹ̀? Mo ní kí wọ́n máa da omi díẹ̀díẹ̀ sórí gíláàsì iwájú, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ewé jíjẹrà ló dí ojú ibi tí omi ń gbà ṣàn jáde lábẹ́ wáípà. Omi kún ibẹ̀, ó wá ń kán tó, tó, sórí sílíńdà kẹrin. Mo kó ewé kúrò, mo gbẹ ihò náà, mo pààrọ̀ rọ́bà kọ́ìlì. Ó tán síbẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n pe mẹkáníìkì?
Bí iná ẹ́ńjìnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á lọ mọ́: epo tí kò jó yóò ba kátálítíìkì, ìyẹn ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́, jẹ́, owó ńlá sì nìyẹn. Ẹ pe ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi ti ń wọlé kó tó ní kí ẹ lọ ra kọ́ìlì.