Tí ìtàn bá há mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ya àwòrán ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yà á báyìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ tí gbólóhùn kan ṣoṣo ò jáde, ẹ mú bírò kẹ́ ẹ ya nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kọ, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é ló ń bà á jẹ́.

Ẹ má wá bó ṣe máa rẹwà. Èmi náà ṣe é rí o, mo lọ ra pẹ́ńsùlù olówó ńlá àti írésà, gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń pa imú ẹnì kan rẹ́ tí mo tún ń yà á, ilẹ̀ ṣú, mi ò kọ nǹkan kan. Bírò ni kẹ́ ẹ lò torí kò ṣe é pa rẹ́. Orí róbótó, ẹsẹ̀ méjì bí igi ìṣáná, ó ti tó, ṣé ẹnì kan fẹ́ fún yín ní máàkì ni?

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé ojú èèyàn nìkan lẹ máa ń yà. Ibi tí kálukú wà ni kẹ́ ẹ yà jàre. Mo ń kọ ìtàn obìnrin kan tó ń bá ìyàwó ọmọ ẹ̀ jà ní kíṣìnì, ọjọ́ mẹ́ta ló fi há mọ́ mi lọ́wọ́, ìgbà tí mo wá ya kíṣìnì yẹn bíi pé mo wà lórí àjà tí mo ń wolẹ̀, ààrò níbí, ìkòkò omi lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn ẹyọ kan, ni mo rí i pé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ìyá ọkọ gbé àpótí sí, ìyàwó ò lè jáde àfi tó bá gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ tí ìyá nà sílẹ̀ gbalaja. Ta ló fẹ́ dán ìyẹn wò? Mi ò tiẹ̀ parí àwòrán yẹn tí mo ti ń kọ̀wé.

Ẹ má sì sá pamọ́ sínú àwòrán yíyà kẹ́ ẹ má bàa kọ̀wé. Ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣe àláàmù.

Ẹ má ju bébà yẹn nù o! Robert Louis Stevenson, ará Scotland, ya máàpù erékùṣù kan lọ́dún 1881, máàpù yẹn ló bí ìwé Treasure Island, ló bá fi máàpù náà ránṣẹ́ sáwọn tó fẹ́ tẹ ìwé, ó sọnù, ó di dandan kó padà tú inú ìwé ara ẹ̀ wò kó tó lè ya òmíràn, síbẹ̀ kò rí bíi ti àkọ́kọ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀yin ní fóònù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹnì kan tó fi wé àkàrà.