Bí Mo Ṣe Tún Gìtá Béèsì Bàbá Kékeré Ṣe

Lórí àjà ilé wa ní Mọ̀pà ni mo ti rí i, nínú àpò tí eku ti jẹ. Gìtá béèsì tí àbúrò bàbá mi ń ta kí wọ́n tó bí mi ni. Okùn méjì péré ló kù nínú mẹ́rin, àwọn náà sì ti dípẹtà. Ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Orúkọ tó wà ní orí rẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n páànù kékeré tí wọ́n fi de ọrùn mọ́ ara sọ pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí ọrùn dé bíríìjì, irin tí okùn jókòó lé ní ìsàlẹ̀ ara gìtá: ínṣì 34. Gígùn tí ilé-iṣẹ́ aṣe-gìtá Fender fún béèsì wọn tó ń jẹ́ Precision ní 1951 nìyẹn, òun náà ni ọ̀pọ̀ béèsì ń lò títí dòní, nítorí náà mo mọ̀ pé okùn tí wọ́n ń tà lọ́jà yóò bá a mu.

Mo lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ Bàbá Kékeré. Ó ní, "Ohun tó wù ọ́ ni kí o fi ara rẹ̀ ṣe. Má ṣáà fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn yẹn." Àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ fánísì ibẹ̀ tán, igi ló kù, ó ń dán bí ọmọ odó. Ìfẹ́ àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá a jà. Nígbà tí mo fọwọ́ gbá a lọ gbá a bọ̀, ó yé mi. Ọwọ́ tó bá làágùn máa ń lẹ̀ mọ́ fánísì tuntun, ṣùgbọ́n kò dúró rárá lórí igi yẹn.

Mo ya fọ́tò gbogbo wáyà inú rẹ̀ kí n tó já ẹyọ kan. Ẹ má fo èyí o. Àwọn súkúrú, agolo mílíìkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kó wọn sí.

Mo fi tínà nu ọ̀dà àtijọ́ náà, kò mira. Ọ̀dà tó nípọn bíi rọ́bà ni, sánpépà nìkan ló lè ká a. Mo wé sánpépà mọ́ pátákó pẹlẹbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 80 tó rí gbágungbàgun, mo lọ sí 120, 220, títí dé 320 tó kúnná. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ẹni tó bá fi ìka lásán tẹ sánpépà, ojú igi á jìn kòtò, kò sì ní hàn sí i àfìgbà tí ọ̀dà tuntun bá gbẹ. N kò fi sánpépà kan ihò tí ọrùn ń wọ̀, torí bí ihò yẹn bá fẹ̀ díẹ̀, ọrùn á máa mì. Àwọn ihò súkúrú tó ti jẹra, mo gé orín wẹ́wẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù káfíńtà rẹ́ ẹ sínú wọn.

Ibi ọ̀dà ni ọkàn mi ti bàjẹ́. Ọ̀gá kan tó ń fín àga ní Kàbà yá mi ní gọ́ọ̀nù àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, mo sì ra ọ̀dà sẹ́lúlóòsì tí wọ́n ń fín sí mọ́tò. Oṣù Kẹjọ ni, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. N kò tíì gbé gọ́ọ̀nù sílẹ̀ tí ara gìtá fi funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ògì lé e. Ọ̀gá náà ṣàlàyé fún mi: bí tínà ṣe ń yára fẹ́ lọ, ó ń mú ojú ọ̀dà tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sórí rẹ̀ bí ìrì, á há síbẹ̀. A fín tínà tí kì í tètè gbẹ lé e kó lè yọ́, kí omi náà ríbi jáde. Iwájú mọ́, ẹ̀yìn kò mọ́. Mo fi 400 họ gbogbo rẹ̀, mo gbé e kọ́.

Mo dúró títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá. Ní ilẹ̀ Òkun níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, àlàfo díẹ̀ máa ń wà láàárín ìgbà tí òjò bá lọ àti ìgbà tí eruku ọyẹ́ bá dé. Àlàfo yẹn ni mo mú. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí oòrùn ti gbá ìrì lọ, ni mo máa ń fín in, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìbòmú. Mo fín ọ̀dà pupa lé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti èyí tó mọ́ gaara lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo wá gbé e kọ́ sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Imú ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bí òórùn tínà bá ṣì ń jáde, kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo fi sánpépà olómi 1000, 1500 àti 2000 dán an, kí n tó fi ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mítà ka 7,400 óòmù (ìwọ̀n ìdènà iná) lára píkọ̀ọ̀pù, ẹ̀yà tó ń gbọ́ ohùn okùn, ìyẹn ni pé wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ kò já. Fọ́líọ̀mù, èyí tí wọ́n ń yí láti mú ohùn ròkè tàbí wálẹ̀, ló ti kú. Atún-rédíò-ṣe kan fẹ́ fún mi ní fọ́líọ̀mù 50K, ìyẹn 50,000 óòmù, mo kọ̀, torí ó máa gbé ohùn òkè mì, béèsì á sì máa dún bí ẹni tó wé aṣọ mọ́ ẹnu. Mo ránṣẹ́ sí Èkó fún èyí tó jẹ́ 250K. Wáyà tó lọ sábẹ́ bíríìjì náà ti jẹrà já, òun ló yẹ kó máa dá ariwo hùùù dúró nígbà tí ọwọ́ bá kan okùn. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn, mo sì họ ọ̀dà kúrò níbi tí yóò ti fara kan irin.

Egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá ní orí ọrùn ti là. Mo gba egungun ẹsẹ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà, mo fi ọṣẹ fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, mo sá a, mo fi fáìlì gbẹ́ ẹ títí ó fi wọ ojú ihò náà pẹ́kípẹ́kí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn ju ọ̀dà lọ.

Kó tó di pé mo so okùn, ọyẹ́ ti dé. Igi ọrùn sún kì díẹ̀, orí àwọn fúrẹ́ẹ̀tì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, sì yọ síta, wọ́n ń ha ọwọ́. Mo fi fáìlì rà wọ́n kúrò. Mo yí irin inú ọrùn, èyí tó ń mú un tọ́, ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wá ń sún bíríìjì okùn kọ̀ọ̀kan títí ohùn tó ń jáde ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá fi bá ti okùn àìtẹ̀ mu.

Mo gbé e lọ fún Bàbá Kékeré. Mo kí i: "Òkun o, Bàbá." Kò wo ọ̀dà náà rárá. Ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn ọrùn, ó rí ibi tó ń wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n sọ okùn kẹrin kalẹ̀ sún mọ́ ọrùn díẹ̀ sí i. Mo yí súkúrú rẹ̀ lára bíríìjì ní ìdajì. Ó ní ó tó.