Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Ìnṣọ́ránsì Ìlera ní Amẹ́ríkà Bí Àìsàn Bá Ti Wà Lára Yín Tẹ́lẹ̀

Àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ àìsàn ara wa síta. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ṣì máa rò pé ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí arunmọléegun gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ kó tó rí ìnṣọ́ránsì rà. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2010 sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ojúlówó ìnṣọ́ránsì ìlera kò gbọdọ̀ tìtorí àìsàn lé ẹnikẹ́ni padà, kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ bu owó kún tirẹ̀. Ọjọ́ orí yín, ibi tí ẹ ń gbé, iye ẹni tó wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì náà, irú ìwé tí ẹ mú, àti bóyá ẹ ń mu sìgá ni wọ́n lè wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́. Lórí HealthCare.gov, ìkànnì tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ta irú ìnṣọ́ránsì yìí, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 15 oṣù kejìlá bí ẹ bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Àwọn ìpínlẹ̀ kan bíi Maryland àti New York ní ìkànnì tiwọn. Ẹ mú orúkọ ìpínlẹ̀ yín lórí HealthCare.gov, yóò darí yín síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ sì bá a lọ, ẹ má dúró de oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 60 lẹ ní láti ra òmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ di èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ mú fún oṣù 18, COBRA ni wọ́n ń pè é. Ó wọ́n, torí ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàárín ìtọ́jú jẹjẹrẹ lè rí i pé ó tó bẹ́ẹ̀, kó má bàa pààrọ̀ dókítà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù rèé. Òfin ní kí wọ́n gbà yín. Kò ní kí wọ́n gba dókítà yín. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn yín sórí tábìlì, kí ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ bó ṣe wà lára ìgò. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ oògùn tí ìwé tí ẹ fẹ́ rà máa ń san owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ́fíìsì dókítà yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ìwé yẹn gan-an, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan. Ìpele ìpele ni wọ́n ń ta ìwé wọ̀nyí, Bronze àti Silver wà lára wọn. Owó oṣooṣù Bronze kéré lóòótọ́, àmọ́ owó ńlá lẹ máa kọ́kọ́ ná lápò yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn, ẹni tó ń lo ínsúlínì kì í sì í pẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá pọ̀, ẹ wo Silver dáadáa, torí orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dín owó ìtọ́jú kù fún irú yín.

Àǹtí mi kan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan fi pè é lórí fóònù pé òun ní ìnṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú. Ó bi í bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rù bà á, ó ní rárá. Nígbà tó dèrò ilé ìwòsàn, wọ́n tú àkọsílẹ̀ oògùn rẹ̀ wò, wọn ò san nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí, torí ọjọ́ 60 rẹ̀ kò tíì tán lọ́jọ́ tí wọ́n pè é. Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ń wádìí àìsàn yín kó tó tà fún yín, ìwé oṣù díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní short-term tàbí irú rẹ̀ ló ń tà, òfin yìí kò sì dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tó ń dáwó san gbèsè ilé ìwòsàn ara wọn: ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ìnṣọ́ránsì.

Bí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín bá ní àwọn ò ní san owó ìtọ́jú kan, ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ò gbà, láàárín ọjọ́ 180. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fèsì. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ ní oṣù mẹ́rin láti ní kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí àwọn yẹn bá sì sọ ni abẹ gé.

Ẹ má gbàgbé àwọn òbí tó ti pé ọdún 65. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, kì í lé aláìsàn, ṣùgbọ́n Medigap, tí wọ́n ń rà kún un lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, oṣù mẹ́fà péré ló fi ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn láìbéèrè àìsàn, láti oṣù tí Part B wọn, ìyẹn apá Medicare tó ń san owó dókítà, bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè tìtorí àtọ̀gbẹ ní àwọn ò tà fún Màmá. Ẹ wo káàdì Medicare wọn, ọjọ́ tí Part B bẹ̀rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ka oṣù mẹ́fà síwájú.