Wííl Sìlíńdà Tó Ń Jò: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Fi Píkọ́ọ̀pù Kó Ẹrù Oko ní Iléṣà

Lówùúrọ̀, kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo taya ẹ̀yìn méjèèjì, ní ojú tó kọ sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó tutù tí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́, ẹ fi ìka kàn án. Bí ó bá ṣàn bí omi tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì bíréèkì ni: wííl sìlíńdà, irin kékeré tó ń ti bíréèkì nínú taya, ló ń jò. Bí ó bá ki, tí òórùn rẹ̀ ń gún nímú, ọ́ìlì gíà tó ń bọ̀ látinú áàsù, irin gbọọrọ tó so taya ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Àwa tí à ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu wá sí ọjà Àtàkúmọ́sà mọ̀ pé òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí àpò kòkó kan bá wọn kílò 64, àpò 15 ti súnmọ́ tọ́ọ̀nù kan. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè pẹ̀lú ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ mi bá lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Mo já gíà sí kejì, mo tún já a sí àkọ́kọ́, mo ń fa hándì-bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi dúró sínú koríko. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo ti ń bu ọ́ìlì bíréèkì kún ife rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ láìbèèrè ibi tó ń lọ. Ọ́ìlì bíréèkì tó bá ń dín kù kíákíá, ó ń jò síbì kan ni.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Wííl sìlíńdà kò ju irin kékeré oníhò lọ. Písítínì méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà tirẹ̀, sípíríìngì sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti méjèèjì síta, wọ́n á ti ṣúù, àwo bíréèkì tó tẹ̀ kọrọdọ, mọ́ dúrọ́ọ̀mù, irin roboto tó ń bá taya yí. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi náà ló ń mú inú sìlíńdà dípẹtà, ìpẹtà á sì máa ha rọ́bà títí yóò fi jò. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọdún méjì méjì, kódà bí bíréèkì bá ń mú dáadáa.

Kí ẹ tó ra tuntun

Àwọn kan máa ń ra rọ́bà inú rẹ̀ nìkan. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti jẹ inú irin, rọ́bà tuntun kò ní pẹ́. Èmi máa ń ra odidi, ti ọ̀tún àti ti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, ẹ fi ihò bóótù àti ẹnu páìpù rẹ̀ wé tuntun. Nọ́ńbà bíi 13/16 tàbí 7/8 tó wà lára òmíràn ni ìwọ̀n inú rẹ̀ ní íńṣì. Ẹ má gba èyí tó tóbi jù nítorí pé yóò mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: bí ọkọ̀ kò bá lẹ́rù, taya ẹ̀yìn lè dì lójijì, kí ìdí ọkọ̀ máa yọ̀ lórí ọ̀dà tó tutù.

Iṣẹ́ náà

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta há taya iwájú níwá-lẹ́yìn, ẹ sì tú hándì-bíréèkì, torí dúrọ́ọ̀mù kò ní jáde bí ó bá wà ní fífà. Lẹ́yìn jáàkì, ẹ fi sítáǹdì irin tàbí ìtì igi líle gbé áàsù ró. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ṣe é. Ó máa ń fọ́ láìkìlọ̀.

Bí dúrọ́ọ̀mù bá takú, ẹ wo ojú rẹ̀: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáàn ní ihò kékeré méjì níbẹ̀. Ẹ yí bóótù tó bá a mu wọ inú méjèèjì, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, á fà jáde. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Asbestos wà nínú àwọn ṣúù mìíràn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín kí ẹ tó nù ún. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí èkejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe tí ẹ bá ń to sípíríìngì padà. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ bíréèkì nígbà tí ẹ bá ti yọ dúrọ́ọ̀mù.

Nọ́ọ̀tì páìpù ló nira jù. Irin rẹ̀ rọ̀; bí sípánà bá yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, orí rẹ̀ á di roboto, ẹ ó wá ra páìpù mọ́ ọn. Ẹ ti fi ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà rin ín láti alẹ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá ń gbé tuntun sí i, ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà wọlé ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó mú bóótù sìlíńdà le. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú bóótù le lè ba tíréèdì jẹ́.

Ṣúù tí ọ́ìlì ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pẹtiróò kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Bí ó bá gbóná lójú ọ̀nà, ọ́ìlì á tún sun jáde.

Yíyọ afẹ́fẹ́

Bí ẹ bá ti tú páìpù, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ẹ dá dúrọ́ọ̀mù padà ná. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Dẹ́rẹ́bà wa ń jókòó sí òsì, nítorí náà taya ẹ̀yìn ọ̀tún ló jìnnà jù sí másítà sìlíńdà, èyí tó ń ti ọ́ìlì láti ìdí ife lọ sí gbogbo taya. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ki rọ́bà gbọọrọ oníhò tó mọ́ gaara bọ ẹnu ìyọ-afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn wííl sìlíńdà, mo sì ń ti ìdí kejì bọ inú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà. Ọmọ mi ló ń jókòó lókè.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Bàbá, mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Má gbẹ́sẹ̀ o.” Mo á tú ẹnu ìyọ-afẹ́fẹ́ náà, afẹ́fẹ́ á yọ bí ìhó ẹmu, mo á dè é pa. “Ó yá, gbẹ́sẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì á fi wá láìní ìhó. Ẹ máa bu ọ́ìlì kún ife. Bí ó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á tún wọlé látòkè. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ sórí ìdérí ife, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò, látinú ìgò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń mú rọ́bà wú. Omi ọṣẹ ń mú irin dípẹtà. Ẹ má dà wọ́n sí i láé.

Ẹ yí àjọ́sítà, èyí tó ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù, títí ṣúù á fi máa ha dúrọ́ọ̀mù fẹ́rẹ́, ẹ ṣíná, ẹ tẹ bíréèkì tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá rọ̀ bí fùfú, afẹ́fẹ́ ló kù. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń jò, tàbí másítà sìlíńdà ló ti bàjẹ́. Ẹ wà á lófìfo níbi tó tẹ́jú kí ẹ tó gbé ẹrù lé e, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ wo ìdí taya náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.